Ògiri Tí Màmúdù Mọ Yí Sẹ́ẹ̀lì Ká

Màmúdù Átíìsì kò lè parí iṣẹ́ láìfi ìlà yí i ká. Bó bá kọ orúkọ onígbàjámọ̀ sára pátákó, á fi ìlà dúdú yí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan po, á tún fi òmíràn tó pọ́n bí epo gbè é lẹ́sẹ̀. Bó bá ya kìnnìún sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ìlà méjì ni kìnnìún náà máa ní láti orí dé ìrù. Fíníṣíìnì ló ń pè é. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ lápá Màpó ló sọ fún un pé iṣẹ́ tí kò bá ní fíníṣíìnì, ìhòòhò ló wà, ọmọlúàbí kì í sì í jáde síta níhòòhò. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Aránṣọ ni mí, ṣọ́ọ̀bù mi kọjú sí tirẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà, n kì í sì í jẹ́ kí etí aṣọ oníbàárà máa tú.

Felicia lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ìfẹ́ ni gbogbo àdúgbò mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí lóhùn jẹ́jẹ́, kó lọ bi ẹlòmíràn. Inú rẹ̀ ń bí mi títí di òní, n ò sì tíì mọ ẹni tí ǹ bá da gbogbo ẹ̀bi náà lé lórí. Màmúdù kì í ṣe èèyàn burúkú. Mùsùlùmí tó ń kírun rẹ̀ déédéé ni, kò bá ẹnikẹ́ni jà lójú mi rí. Bí ìyá àgbà kan bá ní kó bá òun kun ilẹ̀kùn, á kùn ún, á ní kí wọ́n kàn bá òun ṣàdúrà fún Jamilah. Jamilah ni àbíkẹ́yìn rẹ̀, òun nìkan ló kù sílé.

Ohun tó ba iṣẹ́ Màmúdù jẹ́ kò jìnnà. Ẹ̀rọ tó ń tẹ bánà dé sí Bẹẹrẹ. Kí ẹni tó ń lo búrọ́ọ̀ṣì tó po ọ̀dà tán, ẹ̀rọ ti tẹ bánà jáde, fọ́tò oníbàárà tún ti wà lára rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Pátákó tán lọ́wọ́ Màmúdù, kìnnìún náà tán. Ohun tó ṣẹ́ kù ni ṣáàtì ilé-ìwé, àwọn àwòrán ńlá tí tíṣà máa ń so mọ́ kíláàsì: eyín, ojú, òdòdó, àti sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì ló ń tà jù, nítorí òun ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ bíọ́lọ́jì, kò sì sí ilé-ìwé tí kò nílò rẹ̀.

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, Jamilah ló kọ́ mi ní ohun tó ń jẹ́ sẹ́ẹ̀lì. Bó bá ti ilé-ìwé dé, á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mi, á máa bá mi gán ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ẹnu rẹ̀ ò sì ní dákẹ́.

"Ìyá Ìfẹ́, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí pátá, sẹ́ẹ̀lì ló kó jọ tó fi di odidi," ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan. "Ẹ̀yin, èmi, ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu yẹn, àti ewé ẹ̀fọ́. Àwọn míì tiẹ̀ wà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni gbogbo ara wọn."

"Ṣé o ti rí i rí ni?"

"Ojú lásán ò lè rí i, mà. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wò ó wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé wa, nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì. Dígí ẹnu ẹ̀ ti bọ́. Ẹ̀rọ náà gan-an la máa ń lọ wò."

Ó wá to gbogbo rẹ̀ fún mi. Núkíliọ́ọ̀sì ló ń darí sẹ́ẹ̀lì, inú rẹ̀ ni ohun tí a jogún lára bàbá àti ìyá wa wà. Àwọn wóró-wóró kan wà tí wọ́n ń pè ní maitokọ́ńdíríà, àwọn ló ń sọ oúnjẹ di agbára. Omi kan tó ki bí ẹ̀kọ mímu ló gbé gbogbo wọn dúró. Sẹ́ẹ̀lì kan á pín di méjì, méjì á di mẹ́rin, báyẹn ni ọmọdé ṣe ń dàgbà, báyẹn náà ni egbò ṣe ń jinná. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ló bo sẹ́ẹ̀lì, òun ló mọ ohun tó yẹ kó wọlé àti ohun tó yẹ kó jáde.

"Lẹ́yìn awọ yẹn ni ògiri wá wà," ló wí.

"Ti ewúrẹ́ náà ní ògiri?"

"Gbogbo wọn ni, mà. Ti ewéko ló kàn nípọn jù."

Irọ́ ni. Sẹ́ẹ̀lì ewéko ló ní ògiri. Ti ẹranko àti ti èèyàn ò ní, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn nìkan ni ẹ̀wù tó wọ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà ò mọ̀, ọmọ tó ń kọ́ mi náà ò sì mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí irọ́ náà gbà wọlé.

Tíṣà kan ló kọ́kọ́ mú àwòrán sẹ́ẹ̀lì wá fún Màmúdù, kékeré báyìí, nínú ìwé tó ti gbó. Ti ewéko ní ìlà tó nípọn níta, orúkọ ìlà náà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ògiri sẹ́ẹ̀lì. Ti ẹranko, ìlà tín-ín-rín kan péré ló yí i ká. Màmúdù wo ti ẹranko yìí, ó ní ẹni tó yà á, oorun ló ń kùn ún. Ó ya méjèèjì sórí páálí funfun kan, ó sì fún ti ẹranko ní fíníṣíìnì tirẹ̀, ìlà dúdú, ìlà pupa tẹ̀ lé e. Ó dùn ún wò. Tíṣà náà rí i, ó ní ó mà dáa o, ó gbé e lọ. Kò fi ti inú ìwé wé ti ara páálí. Ta ló tún ń wo ìwé nígbà tí páálí ti lẹ́wà?

Nígbà tó ṣe, Ọládèjì di tíṣà bíọ́lọ́jì ní ilé-ìwé kan nítòsí Bẹẹrẹ, ibẹ̀ ni Jamilah ń lọ. Ẹ̀kọ́ nípa ọrọ̀ ajé ni Ọládèjì kọ́. Tíṣà bíọ́lọ́jì ló fẹ̀yìn tì, wọn ò rí ẹlòmíràn fi dípò, wọ́n bá ní kí Ọládèjì bá àwọn dì í mú ná. Ó dì í mú títí di òní. Àwọn ọmọ bi í ní orúkọ ìlà tó wà níta sẹ́ẹ̀lì ẹranko lára ṣáàtì Màmúdù tó wà ní kíláàsì. Ó wo ti ewéko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rí ògiri níbẹ̀, ó ní ògiri náà ni. Nígbà tó fẹ́ gba ṣáàtì tuntun, ó wá sí ṣọ́ọ̀bù Màmúdù, mo sì wà níbẹ̀.

"Baba, ẹ gbàgbé láti kọ orúkọ ìlà ìta yìí."

"Ẹ má bínú, tíṣà. Kí ni ká pè é?"

"Ògiri sẹ́ẹ̀lì."

Màmúdù kọ ọ́. Báyìí ni irọ́ átíìsì àti irọ́ tíṣà ṣe fẹ́ ara wọn níṣojú mi, wọ́n sì ń bímọ lọ láti Ìdí Arẹrẹ títí dé Òjé, nítorí kò sí ilé-ìwé tó fẹ́ kí ṣáàtì ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́wà ju tirẹ̀ lọ. Ẹ ó ní kí ló dé tí Jamilah ò wò ó nínú fóònù. Ta ló ń lọ wo ohun tó ti dá a lójú? Ṣé ẹ máa ń wo orúkọ ìyá yín nínú fóònù?

Nọ́ọ̀sì ni Jamilah fẹ́ ṣe. Ìyá rẹ̀, Kúbúrá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà, kú sí wọ́ọ̀dù kan tó jẹ́ pé nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń sáré kiri láàárín gbogbo bẹ́ẹ̀dì. Jamilah di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú títí ó fi tutù. Ọjọ́ náà ló sọ pé òun máa di èkejì nọ́ọ̀sì yẹn, kò sì yí ohùn padà. Ó kàwé, ó yege ìdánwò àṣejáde, ó yege ti JAMB, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan sì ní kó wá, àwọn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Bí wọ́n bá mú un, ó bọ́ nìyẹn. Bí wọn ò bá mú un, bàbá rẹ̀ ò ní lágbára àtirán an lọ síbòmíràn, gbogbo wa la sì mọ̀ ọ́n.

Èmi ni mo rán aṣọ funfun àti híjáàbù tó wọ̀ lọ. Èmi náà ni mo tẹ̀ lé e, nítorí ọmọ tí kò ní ìyá kì í dá lọ sírú ibẹ̀. Bàbá rẹ̀ gbé ọwọ́ lé e lórí lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣàdúrà gígùn fún un, ó wá rẹ́rìn-ín.

"Bí wọ́n bá bi ẹ́ ní sẹ́ẹ̀lì, sọ fún wọn pé abẹ́ ẹ̀ lo ti ń sùn láti kékeré."

Òótọ́ ló sọ. Inú yàrá tí wọ́n ń sùn ló máa ń so ṣáàtì kọ́ sí kí ọ̀dà lè gbẹ.

Fèrèsé yàrá tí wọ́n ti ń bi wọ́n ní ìbéèrè ṣí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí mo jókòó sí. Ọkùnrin méjì àti obìnrin kan ló wà nínú ibẹ̀. Wọ́n bi Jamilah ní ìdí tó fi fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, ó sọ ti ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin yẹn kí i ní pẹ̀lẹ́. Ara mi balẹ̀. Wọ́n wá ní kó sọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì ẹranko àti ti ewéko.

"Méjèèjì ló ní ògiri, sà, ṣùgbọ́n ti ewéko nípọn ju ti ẹranko lọ, ó sì ní àwọn tó jẹ́ aláwọ̀ ewé nínú, tí wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ."

"Ẹranko tó ní ògiri?" ni ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà wí. "Ọjà wo ni wọ́n ti ń ta irú ẹ̀?"

Ìkejì rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Fara balẹ̀, ọmọ mi," ni obìnrin náà wí. "Tún un rò dáadáa."

Ká ní ọ̀rọ̀ náà ò dá Jamilah lójú ni, ì bá yí i padà. Ohun tí èèyàn ò mọ̀ kì í ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó dá a lójú, tí kò sì rí bẹ́ẹ̀, òun ló ń gbé e ṣubú. Jamilah ní ó dá òun lójú, àti pé òun lè yà á. Wọ́n fún un ní ìwé, ó yà á. N ò rí àwòrán náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo mọ̀ pé á lẹ́wà, mo sì mọ̀ pé ìlà méjì ló yí i ká.

"Ta ló kọ́ ẹ ní èyí?"

"Bàbá mi ni, sà."

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi gbé mi dìde láti wọlé tọ̀ wọ́n lọ, mo tún jókòó, mo ní kí n má lọ ba ọ̀rọ̀ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Ẹ̀rín yẹn ṣì há mi lọ́fun bí egungun ẹja.

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí wọ́n fi pe orúkọ àwọn tí wọ́n mú. Wọn ò pe Jamilah. Obìnrin yẹn ló jáde wá bá wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nọ́ọ̀sì àgbà ni. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú.

"Di ẹ̀ṣẹ́. Ó yá, tú u. Tó bá jẹ́ pé ògiri yí sẹ́ẹ̀lì ẹran ara ẹ ká ni, ìka ẹ ò ní ṣeé ká kò bẹ́ẹ̀. Igi ló ní ògiri, ìdí nìyẹn tí igi fi ń le. Ẹ̀jẹ̀ funfun tó ń gbèjà ara wa, ṣe ló máa ń na ara ẹ̀ yí kòkòrò àrùn ká, á sì gbé e mì. Tí ògiri bá há a mọ́, báwo ló ṣe fẹ́ gbé e mì?" Ó yíjú sí mi. "Wọ́n kọ́ ọ ní ìkọ́kúkọ̀ọ́ ni, mà. Kò sì yẹ kí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má bínú."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ẹ má bínú ṣe? Jamilah ò sunkún. Nínú mọ́tò tó gbé wa padà sí Ọjà'ba, ó ń di ẹ̀ṣẹ́, ó ń tú u, ó tún ń dì í.

Bàbá rẹ̀ ti dúró síwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ti wẹ̀, ó ti wọ jalabíà funfun. Èmi ni mo sọ ọ́, n ò sì fi ohunkóhun bò.

"Ìlà tẹ́ ẹ fi yí sẹ́ẹ̀lì ẹranko ká ló ṣe é, Bàbá Jamilah. Ògiri ni wọ́n ń pè é. Ẹranko ò ní ògiri. Wọn ò mú un."

Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo mí.

"Ìyá Ìfẹ́, èmi ò mọ ògiri kankan. Fíníṣíìnì ni mo ṣe."

"Mo mọ̀, sà."

"Tíṣà ló ní kí n kọ ọ́ síbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀."

Ó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Jamilah kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, òun ni òun ò kàwé dáadáa. Ẹ gbọ́ mi, ọmọ tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ irọ́ ti sọ́gbun ló ń bẹ̀bẹ̀! Mo wọ ṣọ́ọ̀bù mi lọ, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi, mo sunkún tèmi níbẹ̀.

Ṣáàtì tuntun tí Ọládèjì ní kí wọ́n yà fún àwọn kíláàsì ilé-ìwé rẹ̀ tí kò tíì ní ṣáàtì wà nílẹ̀ lásìkò náà, òun nìkan sì ni iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ Màmúdù. Ó tún gbogbo rẹ̀ yà, kò fi fíníṣíìnì kankan yí ti ẹranko ká. Mo ń wò ó láti ìdí ẹ̀rọ mi. Bó bá ti ya awọ tín-ín-rín yẹn tán, ọwọ́ rẹ̀ á gbéra fúnra rẹ̀ lọ sídìí ọ̀dà dúdú, á tún fà á padà. Ó sọ fún mi pé ṣe ló ń ṣe òun bíi kí òun wá aṣọ bo nǹkan náà. Ṣùgbọ́n kò bò ó. N kì í tètè bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin, ṣùgbọ́n mo bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la gbé ṣáàtì náà lọ sí ilé-ìwé. Ọládèjì pàdé wa ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó tú èyí tó wà lókè wò.

"Baba, èyí ò tíì parí."

"Ó ti parí, tíṣà. Wọ́n ní ẹranko ò ní ògiri. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí ṣàlàyé fún yín."

Jamilah na ọwọ́ síwájú. "Ẹ wò ó, sà," ló wí, ó sì di ẹ̀ṣẹ́. Ọládèjì ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó kó wa lọ sẹ́yìn ilé-ìwé, lẹ́bàá ilé ìgbẹ́ àwọn ọmọ, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mo mọ̀," ló wí.

Mo rò pé n ò gbọ́ dáadáa. "Ẹ mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé kò ní ògiri. Mo ti rí i lórí fóònù láti ọdún tó kọjá."

"Jamilah ṣì wà ní kíláàsì yín lọ́dún tó kọjá."

"Ẹ gbọ́ mi yé, mà, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tí mo ti kọ́ ní ògiri ò lóǹkà. Kí ni kí n sọ fún wọn? Kí ni kí n sọ fún ọ̀gá? Àwọn aláyẹ̀wò ilé-ìwé láti ọ̀dọ̀ ìjọba ń bọ̀. Tí ti kíláàsì kan bá ní ìlà, tí ti òmíràn ò ní, wọ́n á béèrè èyí tó jẹ́ òótọ́, ọ̀rọ̀ á sì kan ẹni tó ń kọ́ wọn. Èmi náà lọ́mọ." Ó kọjú sí Màmúdù, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Baba, ẹ bá mi bo àṣírí. Ẹ lọ fi fíníṣíìnì sí i kí gbogbo ẹ̀ bára mu. Tẹ́ ò bá lè ṣe é, àwọn tó ń tẹ bánà á bá mi tẹ irú ti àtijọ́."

Mo bú u. Mo bú u débi pé àwọn ọmọ ń yọjú lójú fèrèsé. Mo bi í bóyá òun ló máa wá dúró ti bẹ́ẹ̀dì ẹni tí nọ́ọ̀sì ò sí fún. Ó kàn ń bẹ̀ mí pé kí n má pariwo, àwọn kan ń ṣe ìdánwò lọ́wọ́. Ilẹ̀ ni Jamilah ń wò. Màmúdù ló ní, "Ó ti tó, Ìyá Ìfẹ́." Ó ká ṣáàtì rẹ̀, ó gbé e lé èjìká, a sì padà sílé.

Kò sí iṣẹ́ mìíràn nílẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni Jamilah wá bu gàrí lọ́dọ̀ mi, mo mọ bí ìkòkò wọn ṣe rí. Màmúdù to àwọn ṣáàtì náà ti ara ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ṣí ọ̀dà dúdú, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Ó gbé e sókè, ọ̀dà ń kán sí i lẹ́sẹ̀, kò lè gbé e kan páálí.

"Bàbá, ẹ gbé e wá," ni Jamilah wí.

"Wọlé lọ."

"Nígbà tẹ́ ẹ̀ ń ṣe é tẹ́lẹ̀, ẹ ò mọ̀. Allah ò ní bi yín. Ẹ má wá fọwọ́ ara yín ṣe é nígbà tẹ́ ẹ ti mọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn mi."

Bàbá rẹ̀ ò fún un. Ṣe ni Jamilah gba búrọ́ọ̀ṣì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti dìde nídìí ẹ̀rọ mi, mo fẹ́ kígbe pé kó má ṣe é, ṣùgbọ́n n ò ní oúnjẹ tí mo lè gbé fún wọn dípò rẹ̀, mo bá pa ẹnu mi mọ́.

Ó fa ìlà dúdú, ó fa pupa tẹ̀ lé e, láti orí ṣáàtì àkọ́kọ́ títí dé ti ìkẹyìn. Ọwọ́ rẹ̀ gún ju ti bàbá rẹ̀ lọ. Màmúdù kọ ẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí títì, ó ń sunkún níṣojú gbogbo ẹni tó ń kọjá. Nígbà tí ọ̀dà náà gbẹ, Jamilah mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, ó kọ ògiri sẹ́ẹ̀lì sí ẹ̀gbẹ́ ti ẹranko lórí ṣáàtì kọ̀ọ̀kan. Kò ṣi lẹ́tà kan kọ.